Agolo Sódà Inú Àjà

Agolo méjì ni káfíńtà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà. Ìpẹtà ti jẹ wọ́n débi pé bí èèyàn bá tẹ̀ wọ́n díẹ̀, wọ́n á wọlé bí èèpo ẹ̀pà. Wọ́n fi àkísà dí ọ̀kan lẹ́nu. Nínú èkejì, nǹkan funfun kan ti dì, ó le bí òkúta. Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà fi èékánná ha á, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, “Kánún àtijọ́ rèé o,” ó sì ti ń gbé ìka lọ sẹ́nu.

“Má fẹnu kàn án! Sódà ni!”

Màmá Ìtòkú ló pariwo. Láti ìgbà tí a ti jẹun àárọ̀ tán ni wọ́n ti ń tòògbé lórí àga oníke lábẹ́ igi máńgòrò, n ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń wò wá. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n, àbúrò bàbá mi, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ojú wọn ò ríwèé kà mọ́. Bí mo bá fi fọ́tò ọmọ mi hàn wọ́n lórí fóònù, ẹ̀rín lásán ni wọ́n máa ń rín sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n dá agolo yẹn mọ̀ láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Mo sáré da omi sí ọmọ náà lọ́wọ́, torí sódà a máa jó ẹran ara. Nígbà tí mo padà lọ bi wọ́n bí agolo sódà ṣe dé inú àjà ilé akọ̀wé rélùwéè, wọ́n ní, “Ìyá mi ló gbé e pamọ́ síbẹ̀,” wọ́n bá tún dijú.

Ilé náà wà ní Kẹ́mta, l’Ábẹ́òkúta. Bí o bá gun Olúmọ, tí o wo ìsàlẹ̀, páànù tó ti pọ́n bí ẹrẹ̀ ló máa tẹ́ lọ níwájú rẹ títí. Ọ̀kan nínú wọn ni tiwa, n ò lè fi ìka tọ́ka sí i fún ọ. Ilé ilẹ̀ ni, oníyàrá mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà iwájú dé ẹ̀yìnkùlé. Òpó méjì dúró níwájú rẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sí lórí, irú iṣẹ́ tí àwọn Àgùdà kó ti Bùràsíìlì bọ̀, tí àwọn bíríkìlà wa sì kọ́ lọ́wọ́ wọn. Lókè ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí: 1937.

Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa nínú ilé yẹn kò gùn. Akọ̀wé rélùwéè ni Bàbá Àgbà, owó rélùwéè ni wọ́n fi kọ́lé. Kò sẹ́ni tó béèrè ju ìyẹn lọ, torí pé ìtàn náà bójú mu. Rélùwéè tó ti Èkó wá ti gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó mọ̀wé sì rí iṣẹ́ níbẹ̀. Fọ́tò wọn wà ní pálọ̀: kóòtù, táì, irun tí wọ́n là sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ òsì nínú àpò. Ìyá Àgbà ò sí nínú fọ́tò náà. Wọn ò sí nínú ìtàn náà pẹ̀lú, àfi níbi tí wọ́n ti bímọ méje.

Ohun tó gbé mi dé ìdí àtúnṣe ni pé ògiri ẹ̀yìn kan wó lásìkò òjò. Èmi ni mo ń gbé Èkó, èmi ni wọ́n ní mo lówó lọ́wọ́ (irọ́ ni), nítorí náà èmi ni wọ́n yàn. Ní gbogbo Sátidé, màá wọ rélùwéè tuntun, màá sọ̀ ní Láderin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, màá gba ọ̀kadà wọ ìgboro. Mo máa ń rò ó lójú ọ̀nà pé ọmọ-ọmọ akọ̀wé rélùwéè ló ń wọ rélùwéè lọ tún ilé rélùwéè ṣe. Ó dùn mọ́ mi nínú. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi gbádùn rẹ̀.

Bíríkìlà tó kọ́kọ́ wá wò ó ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi amọ̀ ṣe láyé òde òní? Ẹ jẹ́ ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù gbé e. Oṣù méjì, a ti parí, ẹ ti kó táìsì sí i.” Mo ní rárá. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. N ò lówó búlọ́ọ̀kù ni. Ògiri yẹn nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, wọ́n mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, wọ́n á mọ ọ̀kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí oòrùn bá ń pa gbogbo ayé ní Màrìsì, yàrá inú ilé náà tutù bí abẹ́ àmù. Ibi tó bàjẹ́ jù lọ gan-an ni ibi tí àwọn bàbá wa ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára nígbà tí owó epo rọ̀bì dé. Omi tó ń ti ilẹ̀ gun inú amọ̀ ò rọ́nà jáde mọ́, sìmẹ́ńtì náà wú, ó ń bọ́ lábala-lábala, ó sì ń fa amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn dání. Ẹni tó ń fi sìmẹ́ńtì bo ilé amọ̀ kí ó lè pẹ́ ń sáré pa á ni. Bíríkìlà kejì gbà pẹ̀lú mi, tàbí ó díbọ́n pé òun gbà.

Bí a ṣe ń ha ọ̀dà ara ògiri pálọ̀, a ń padà sẹ́yìn. Àwọ̀ ewé ti ìgbà tí wọ́n sin Bàbá Àgbà ló wà lókè. Abẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi bọ́tà. Abẹ́ ìyẹn, ẹfun. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, láti ilẹ̀ dé ibi ìbàdí, nǹkan kan dúdú, ó dúdú jù fún ọ̀dà, bí a bá sì fi omi nù ún, ó ń tàn bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Bíríkìlà ní ọ̀dà títì ni. Mo gbà.

Abẹ́ òkúta ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la ti rí owó: oníní mẹ́sàn-án, kọ́bọ̀ mẹ́rin, tọ́rọ́ kan. Àwọn tó bá dàgbà tó mi á rántí pé àwọn òbí wa ṣì máa ń fi oníní ṣàpèjúwe ẹni tí kò ní nǹkan kan. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ méjìlá ló sì ń jẹ́ ṣílè, títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1973 tí náírà gba ìjọba. Wọ́n lu ihò sí oníní àti kọ́bọ̀ láàárín, èèyàn lè fi okùn sín wọn bí ẹni sín owó ẹyọ. Ọ̀kan nínú àwọn lébírà gbé kọ́bọ̀ kan, ó wojú rẹ̀, ó bi mí bóyá wáṣà ẹ̀rọ ìlọta ni.

Ilẹ̀ Yorùbá ò fìgbà kan ṣàìfi nǹkan há lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọ́lé. Ní 1938, agbolé Wúnmọníjẹ̀ n’Ífẹ̀ ni àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ilé ti fi ọkọ́ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù di báyìí. Méjì ti dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dá wọn padà. Ní 1957, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé ní Ìta Yemòó, nínú Ifẹ̀ kan náà, idẹ tún jáde. Nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ sọ́kàwéè wa pariwo pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ ò lè bá mi wí pé mo fò sókè.

Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni.

Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé orókún. Ilẹ̀ tó wà lókè pupa bí ilẹ̀ Abẹ́òkúta ṣe ń pupa, ṣùgbọ́n láti ibì kan lọ sísàlẹ̀, ńṣe ló kàn yí padà: ìpele eérú, ìpele dúdú, ìpele eérú, ìpele dúdú, bí ìgbà tí èèyàn gé kéèkì. Mo bù ú lọ́wọ́, mo tu itọ́ sí i, mo fi àtàǹpàkò rà á. Ó di aró. Lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, ó ṣì kùn mí lọ́wọ́, n ò sì tètè rí i fọ̀ kúrò. Ìkòkò mẹ́fà ló wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, tí gbogbo wọn ti fọ́, àyàfi ọ̀kan tí ìdí rẹ̀ ṣì pé. Ìdí náà ní ihò kéékèèké mọ́kànlá. Mo kà wọ́n. Mo rò pé ìkòkò òrìṣà kan ni, mo sì ń ronú bí màá ṣe sọ ọ́ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì nínú ẹbí.

Mo gbé e lọ bá Màmá Ìtòkú. Wọn ò wò ó. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n fi ìka kọ̀ọ̀kan bọ ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìkòkò eérú nìyí,” wọ́n ní. “Ibo lo ti rí i?”

Ìgbà yẹn ni wọ́n jí dáadáa. Wọ́n ní kí n gbé àga wá. Wọ́n ní àwọn aláró á dáná igi títí yóò fi di eérú, wọ́n á da eérú sínú ìkòkò onihò yìí, wọ́n á gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á máa bu omi sí i. Omi tó bá ro bọ́ sísàlẹ̀ pupa bíi tíì, ó sì ń ta èèyàn lọ́wọ́. Òun ni wọ́n ń kó ewé èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti mọ bíi bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ti sá gbẹ, sí. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, ó di ọwọ́ ẹni. Bí aró bá “kú,” gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti ṣòfò nìyẹn. Òórùn rẹ̀, wọ́n ní, ẹni tí wọn ò bá bí sínú rẹ̀ kò lè jẹun nínú agbolé wa. “Ọwọ́ ìyá mi ò mọ́ rí. Láti ibí,” wọ́n fi ọwọ́ kan ìgúnpá, “dé èékánná. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ wọn sínú pósí, ọwọ́ yẹn náà ni.”

Mo bi wọ́n nípa nǹkan dúdú tó wà lára ògiri pálọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró ni. Bí wọ́n bá ti lo aró tán, ohun tó bá kù sídìí ìkòkò ni Ìyá Àgbà ń fi pa ìsàlẹ̀ ògiri, kí ìdọ̀tí má bàa hàn.

N ò lè sọ pé wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún wa. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń jókòó ní pálọ̀ yẹn láti gbọ́ ìtàn akọ̀wé rélùwéè, ẹ̀yìn wa ló fara ti iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà.

Àkísà tó dí agolo àkọ́kọ́ lẹ́nu ti di eruku nígbà tí mo fà á. Ìwé pélébé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ká bí ìwé sìgá. Ikán ti jẹ mẹ́ta. Èyí tó kù ṣeé kà bí èèyàn bá gbé e sábẹ́ fèrèsé: ríṣíìtì owó orí ni, ti ọdún 1936, ṣílè méjì àti sísì, orúkọ tó sì wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ti Bàbá Àgbà. Ti Ìyá Àgbà ni.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Ẹ̀gbá lè má mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti 1918 tí owó orí ti wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí ogun Adùbí sì tìtorí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, yálà ó ní ọkọ tàbí kò ní. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti wọ̀ ọ́, nígbà tí wọ́n ń dúró kí ọkùnrin pé mẹ́rìndínlógún. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin kì í san án rárá. Ìbínú tó ti ń rú lábẹ́lẹ̀ ló padà gbiná ní 1947 tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó síwájú ààfin Aké. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yọ owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin, nígbà tó sì di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti kúrò lórí oyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún padà wá lẹ́yìn náà. Màmá Ìtòkú jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà ìjókòó yẹn. Ohun tí wọ́n rántí níbẹ̀ kò ju èèpo ẹ̀pà lọ. Ilẹ̀ kún fún un, wọ́n ní, ó ń gún àwọn lẹ́sẹ̀.

Sódà ńkọ́? Ohun tó mú kí wọ́n gbé e pamọ́ ni mo lọ wá, mo sì rí i. Nígbà tí owó kòkó wó lulẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí kò sówó lọ́wọ́ aráyé láti raṣọ, àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ń wá ọ̀nà tí iṣẹ́ á fi yá, tí owó tó ń wọlé á fi jọ owó tó ń jáde. Orí gbèsè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gba aṣọ funfun lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó. Aró inú agolo ti dé láti òkè òkun, sódà náà ti dé. Ṣíbí mélòó kan, ohun tí omi eérú fi ọjọ́ márùn-ún ṣe ti parí kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, á jẹ aṣọ, aró á sì máa ṣí. Àwọn oníbàárà tó ń ti Gold Coast àti Senegal wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Ni Aláké bá fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró ò gbà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba ní láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1936.

Ọdún kan náà pẹ̀lú ríṣíìtì.

Mo rò ó títí. Obìnrin kan san owó orí fún ìjọba, ó gba ríṣíìtì, ó ká a sínú agolo, ó gbé e sínú àjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo kejì tí ìjọba kan náà lè torí rẹ̀ mú un. Àwọn kan á sọ pé alágídí ni. Mo rò pé oníṣirò ni. Ó mọ ohun tó jẹ wọ́n, ó sì mọ ohun tí wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ilé tí àjà náà wà nínú rẹ̀ ò tíì ní páànù lórí dáadáa nígbà yẹn. 1937 ni wọ́n kọ sí i.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, ì bá dùn mọ́ mi: Ìyá ló kọ́lé, Bàbá ló gba orúkọ. Mo tiẹ̀ ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ l’Ékòó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, káfíńtà fa páálí páànù pẹlẹbẹ kan yọ láàárín pákó àjà àti orí ògiri. Ó rò pé wọ́n fi dí ibi tó ń jò ni, ó ti fẹ́ jù ú sórí ìdọ̀tí. Ó fẹ̀ tó àtẹ́ oníbúrẹ́dì, ó sì kún fún ojú gígé. Mo gbé e sókè láti gbọn eruku rẹ̀, oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, mo bá rí i nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi: orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó dé adé, orí obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé àti ẹyẹ yí wọn ká, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìmọ́lẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn lébírà bọ́ fìlà.

Ọlọ́ba ni wọ́n ń pè é. Ní 1935 tí George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀ káàkiri, àwọn aládìrẹ gbé àwòrán ọba àti olorì náà sórí aṣọ. Irú páànù báyìí ni wọ́n ń tẹ́ lé aṣọ, wọ́n á fi nǹkan ha ẹ̀kọ láfún gba ojú rẹ̀ kọjá. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Ní Ìbàdàn, obìnrin ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ lọ́wọ́. Ní Abẹ́òkúta, páànù ni, iṣẹ́ ọkùnrin sì ni. Àwọn ló ń gé e, àwọn ló ń fi ẹ̀kọ sí i. Obìnrin ló ń pa á láró.

Iṣẹ́ ọkùnrin. Ọkùnrin wo?

Màmá Ìtòkú fi ọwọ́ pa ojú páànù náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí. “Ti bàbá mi ni,” wọ́n ní. “Ta lo rò pé ó ń gé e?”

Rélùwéè ti dá wọn dúró, ìgbà tí kòkó wó yẹn, tipẹ́ kí wọ́n tó bí Màmá Ìtòkú. Wọ́n bá jókòó ti ìyàwó wọn ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gé páànù, wọ́n ń ha ẹ̀kọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á so táì, wọ́n á mú igi ìtẹ̀lẹ̀ lọ síta, àwọn èèyàn á sì máa kí wọn pé, “Akọ̀wé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.” Ọ̀sán, ẹ̀kọ, alẹ́, kóòtù. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. “Fọ́tò tẹ́ ẹ fi há pálọ̀ yẹn,” Màmá Ìtòkú ní, “owó aró ni wọ́n fi yà á.”

Mo lọ wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ tó wà nínú àpò yẹn. N ò fẹ́ sọ ọ́ di nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé onífọ́tò ló ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, bí àwọn onífọ́tò ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé Ìyá ló kọ́lé, Bàbá ló gba orúkọ. Àwọn méjèèjì ló wà ní ẹ̀yìnkùlé yẹn, ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀kọ lọ́wọ́, ọ̀kan pẹ̀lú aró. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn rélùwéè nìkan, àti ẹni tó fẹ́ gbọ́ ti Ìyá Alágbára nìkan, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi báyìí.

Mo ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, mo fi í ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp. Àwọn ọmọdé fi ọkàn pupa sí i. Àwọn àgbà dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gba ohùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Wọ́n kọ́kọ́ fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ àmì pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, a ní kí o tún ògiri ṣe. Ṣé kí á wá máa sọ fún aráyé pé ìyàwó ló ń bọ́ bàbá wa? Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi. Mo rí káàdì rẹ̀.” Mo dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni, sà, akọ̀wé rélùwéè ni wọ́n, kò sẹ́ni tó jiyàn. Mo ní mo kàn fẹ́ kí á kọ ìlà kan sábẹ́ 1937 yẹn, kí orúkọ méjì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan 1937. Mi ò fọwọ́ kan án. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, fọ́tò yẹn ni bàbá tí wọ́n mọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbọ́njú, ó lè jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni.

Ògiri pálọ̀ ni mo fi ṣe tèmi. A fi ẹfun pa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níwọ̀n apá kan, mo ní kí wọ́n fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bíríkìlà ò fara mọ́ ọn. Bí àlejò bá wọlé, tó bá sì wà níbẹ̀, òun ló máa ń yára ṣàlàyé pé ọ̀dà ló tán, pé àwọn ń bọ̀ wá parí ẹ̀.

Oṣù tó kọjá, mo gbé páànù náà lọ sí Ìtòkú, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ lẹ́bàá ilé Màmá. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó ń gé irú èyí mọ́, pé rọ́bà àti fóòmù ni àwọn ọmọ ìwòyí ń lò. Ó bá mi se ẹ̀kọ láfún, ó fi álọ́ọ̀mù sí i, ó wá ọmọkùnrin kan tó lè ha á. Ìpẹtà ti jẹ imú ọba lọ, etí olorì kan ò sí, nítorí náà orí ọba tó jáde lára aṣọ jọ ti ọ̀bọ. A rì í sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó gbẹ, tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, mo ká a, mo gbé e lé Màmá Ìtòkú lẹ́sẹ̀, mo sì jókòó láti gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Wọn ò rí ọba. Wọ́n fi ìka rin aṣọ náà, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n fà á símú dáadáa. Wọ́n gbé e padà fún mi.

“Sódà yẹn ti pọ̀ jù,” wọ́n ní.